Ewé Tútù tí Bàbá Awọnlẹ̀ Rí Láti Òfuurufú

Bàbá àgbà mi, Làmídì Àjàgbé, tí gbogbo Bẹ̀yẹrúnká ń pè ní Bàbá Awọnlẹ̀, jáde láyé ní àárọ̀ Ọjọ́rú, a sì ti sin wọ́n kí àlàásárì tó tó. Àwọn èrò tó wá kí wa sọ̀rọ̀ rere. Ẹnì kan ní olóòótọ́ ni Bàbá. Ẹlòmíràn ní kò sí ẹni tó mọ oko Ìbàdàn tó wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo jókòó ti ìyá àgbà mi títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, mò ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Bàbá Bùràímọ̀, àbúrò Bàbá, ọmọ ìyá wọn kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn. Ó dà bí ẹni pé àwọn àlejò ti bá ara wọn sọ ọ́ ní ìta pé a kì í pe orúkọ yẹn nínú ilé yìí.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. N kò lè kọ ìtàn Bàbá láti ìbí dé ikú, n kò mọ̀ ọ́n tán. Ohun tí mo fojú mi rí, ohun tí ìyá àgbà mi sọ, àti ohun tí Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ fún mi nígbà òjò tó kọjá yìí, tí àìsàn ti dè wọ́n mọ́lẹ̀, ni mo ní.

Ṣéènì ni Bàbá ń fà fún àwọn awọnlẹ̀. Irin gígùn ni ṣéènì yìí, òun ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Ẹnì kan á di orí rẹ̀ mú, ẹnì kejì á fa ìyókù wọ inú igbó lọ. Bàbá ni ẹni tó ń wọ inú igbó. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ṣe é, tó fi jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí abà kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa tí wọn ò mọ odò tó yí i ká, orúkọ baálé rẹ̀, àti ẹni tó gbin pèrègún ààlà rẹ̀. Wọn kì í wọ mọ́tò. Wọn a máa rìn, wọn a sì máa ka ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ti ń rìn, láìla ẹnu. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní Òkè Padre, àwọn ni wọ́n ń mú mi lọ. Wọ́n ní kí èmi náà máa kà. Lọ́jọ́ kan a dé ẹnu géètì, wọ́n bi mí pé mélòó ni, iye tí mo pè fi mẹ́fà dín sí ti àná. Bàbá yí mi padà. A rìn padà dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Bẹ̀yẹrúnká, a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wọ kíláàsì, wọ́n ti kọrin tán, olùkọ́ sì na mí ní pàṣán mẹ́ta. Mo sunkún délé. Bàbá pọn omi fún mi mu, wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ kì í parọ́. Ojú rẹ ló gbé ìyókù lọ.”

Èmi àti àwọn ọmọ ilé yòókù máa ń jà lórí ẹní. Àwa mẹ́rin là ń sùn sórí ẹní kan, ẹni tó bá wà létí a máa jábọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá kò nà wá, wọn ò sì bú wa. Wọ́n mú okùn, wọ́n wọn ẹní náà, wọ́n fi èédú fa ìlà mẹ́ta sí i. Ìyá àgbà mi bínú nítorí ẹní tuntun ni. Bàbá ní, “Ààlà ni kì í jẹ́ kí ọmọ ìyá jà.”

Ìjà tó wà láàárín Bàbá àti ìyá àgbà mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀kan. Ìyá àgbà mi ń rẹ aṣọ láró ní ẹ̀yìnkùlé wa, ọ̀rẹ́ Bàbá kan láti Pópó Yemọja sì ń kó aṣọ wá fún wọn dáadáa. Ọkùnrin yìí àti Bàbá jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ará abà rẹ̀ kan, ó sì wá bẹ Bàbá pé kí wọ́n sáà sọ fún awọnlẹ̀ pé ìdí ọ̀pẹ ni ààlà wà tẹ́lẹ̀. Bàbá ní ìdí ọ̀pẹ kọ́. Ọkùnrin náà kò kó aṣọ wá mọ́, kò sì wá síbi ìkómọ àbúrò mi. Ìyá àgbà mi bi wọ́n léèrè ohun tó máa ná wọn bí wọ́n bá ti fi ẹnu ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Bàbá jẹun tán kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, “Ilẹ̀ tí mo bá fi ẹnu sún, ta ni yóò fi ọwọ́ sún un padà?”

Ẹni tó bá gbọ́ ìwọ̀nyí nìkan yóò rò pé ọkàn Bàbá le. Ẹni tó rí wọn pẹ̀lú Bàbá Bùràímọ̀ kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí Bàbá Bùràímọ̀ ṣì ń mu ọmú, Bàbá ló sì pọ̀n wọ́n dàgbà. Bàbá Bùràímọ̀ wá di àgbẹ̀ oníkòkó ní Abà Odò-Ìgbín, ní ibi oko bàbá wọn. Bí wọ́n bá wá sí ìlú ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn méjèèjì á jọ jáde lọ sí Ọjà'ba. Bí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì ní Oríta-mẹ́rin, Bàbá á na ọwọ́, wọ́n á di ọrùn ọwọ́ àbúrò wọn mú gírí. Bàbá Bùràímọ̀ ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, irun àgbọ̀n wọn ti ń funfun, wọ́n sì ga ju Bàbá lọ. Ojú a máa tì wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í já ọwọ́ náà gbà. Mo bi Bàbá lọ́jọ́ kan pé ṣé Bàbá Bùràímọ̀ kò lè dá sọdá ni. Wọ́n ní, “Ẹni tí mo pọ̀n ni.”

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé nígbà tí òmìnira kù díẹ̀. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo àgbẹ̀ gbin nǹkan, òjò sì dáwọ́ dúró. Oṣù kan lọ, oṣù kejì lọ. Kànga ilé wa gbẹ, aró ìyá àgbà mi gbẹ sínú ìkòkò, ó sán bí ẹrẹ̀. Àwọn ará oko bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ẹbí wọn. Gaàrí di ohun tí à ń fi ojú wá.

Ìjọba wá fẹ́ mọ ibi tí oko bàjẹ́ dé. Wọ́n ní àwọn yóò fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré wò ó láti òkè, nítorí bí wọ́n bá ní kí àwọn fẹsẹ̀ rìn ín, ebi yóò ti pa ènìyàn tán. Ṣùgbọ́n àwọn abà kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ wọn. Àwọn awọnlẹ̀ ló dárúkọ Bàbá, pé ẹni tó lè pe abà kọ̀ọ̀kan lórúkọ nìyí. Ẹnu ya gbogbo àgbàlá. Ẹni tí kì í wọ mọ́tò ló fẹ́ wọ bàálù. Ìyá àgbà mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ. Bàbá ti wọ bùbá funfun, wọ́n ti dé fìlà. Wọ́n ní, “Bí wọn ò bá mọ orúkọ abà, wọn ò ní í mọ ẹni tí ebi ń pa.”

Ohun tí mo fẹ́ kọ tẹ̀lé èyí, ọdún mẹ́wàá ni Bàbá fi gbé e sínú. Èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn.

Ẹni mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ náà: awakọ̀ rẹ̀, òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, akọ̀wé tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, àti Bàbá. Akọ̀wé gbé ìwé ńlá kan lé itan. Ó ti ṣàlàyé ìwé náà fún Bàbá kí wọ́n tó gbéra. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọn yóò máa kọ síwájú orúkọ abà: ó kú, ó ku àbọ̀, tàbí ó yè. Abà tó bá kú ni lọ́rì yóò gbé gaàrí lọ fún, òun náà ni yóò gba irúgbìn àgbàdo àti ọmọ igi kòkó. Abà tó bá yè yóò máa tọ́jú ara rẹ̀.

Bàbá ní bí ọkọ̀ ti gòkè, gbọ̀ngàn Mápó di àpótí funfun kékeré láàárín páànù tó ti dógùn-ún. Lẹ́yìn náà ilé tán, oko bẹ̀rẹ̀, Bàbá ò sì mọ ibi kankan. Ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún ogún ọdún dà bí ilẹ̀ àjèjì. Odò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Odò ti gbẹ, iyanrìn rẹ̀ funfun, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, Bàbá sì mọ ibi tí odò kọ̀ọ̀kan ti ń yí. Láti ibẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Àgbàdo ti funfun bí ìwé. Iṣu ti rọ lórí ọ̀pá, ebè tò lọ bí ibojì. Kòkó ló burú jù. Igi wà ní ìdúró, kò sí ewé kan lórí rẹ̀, ó dà bí ìgbálẹ̀ tí ènìyàn fi ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀. Bàbá á pe orúkọ, òyìnbó á wolẹ̀, akọ̀wé á kọ ọ́. Abà mọ́kànlá ni wọ́n pè, mọ́kànlá ló kú. Bàbá ti jẹun nínú ilé baálé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní nígbà tó di ìkẹfà, ohùn àwọn kò jáde mọ́, akọ̀wé ní kí àwọn tún un sọ.

Nígbà tí ọkọ̀ yí sí ìhà Odò-Ìgbín, Bàbá di ojú. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ rí i. Nígbà tí wọ́n la ojú, ewé tútù ni wọ́n rí. Gbogbo oko tó yí i ká ti di igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n lórí igi kòkó Bàbá Bùràímọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀, ewé tútù wà níbẹ̀ ní ìdì ní ìdì. Òyìnbó kò tíì béèrè ohunkóhun. Bàbá ti pariwo nínú ọkọ̀ náà.

“Ti àbúrò mi yè! Ó yè!”

Wọ́n di ọwọ́ akọ̀wé mú, wọ́n ń mì í. Wọ́n ní òyìnbó pàápàá rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti sú òun náà láti máa wo òkú oko láti àárọ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bí Bàbá ti wí.

Mo rántí bí wọ́n ti wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Eruku bo bùbá wọn, ojú wọn pọ́n. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò jẹun. Ìyá àgbà mi ń bi wọ́n pé báwo ni òkè ọ̀hún ti rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: “Bùràímọ̀ yè.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bàbá Bùràímọ̀ fúnra wọn dé. Wọ́n ti gbẹ, fìlà wọn ti tóbi jù fún orí wọn. Wọ́n ní lọ́rì gaàrí kọjá ní abà àwọn lẹ́ẹ̀mejì, kò dúró. Awakọ̀ ní orúkọ Odò-Ìgbín kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún òun. Èmi wà ní ẹ̀yìn ìkòkò aró pẹ̀lú ìyá àgbà mi, a sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” Bàbá Bùràímọ̀ ní, “wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wà nínú bàálù yẹn.”

Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. “Mo rí oko rẹ. Ó tutù minimini.”

Bàbá Bùràímọ̀ wo ilẹ̀. “Àfòmọ́ lẹ rí, ẹ̀gbọ́n. Kòkó ti kú lábẹ́ rẹ̀.”

Ẹni tó bá dá oko rí mọ àfòmọ́. Kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Orí ẹ̀ka igi ló ń gbé, omi ara igi ló ń mu, bí igi bá sì wọ́wé nítorí ọ̀dá, ewé ti àfòmọ́ a máa tutù títí tí yóò fi mu omi tó kẹ́yìn tán. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti òkè, ewé ni ewé. Bàbá sì tún mọ ìdí tí àfòmọ́ fi gba oko náà. Ọdún méjì ṣáájú, sòbìà mú Bàbá Bùràímọ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn ò lè gun igi, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Bàbá kí wọ́n wá bá àwọn gé àfòmọ́ orí kòkó kí ó tó pọ̀ jù. Bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣéènì. Wọ́n ní kí iṣẹ́ náà tán ná. Nígbà tó tán, òmíràn bẹ̀rẹ̀.

Bàbá dìde níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n tún jókòó. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́, pé ayọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu àwọn. Wọn ò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí abà náà. Wọ́n mú àdá, wọ́n gun igi kòkó ní ọjọ́ orí wọn yẹn, wọ́n ń gé àfòmọ́ lulẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gé e. Ẹ̀ka tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ bí igi ìdáná. Bàbá Bùràímọ̀ jókòó sí ẹnu ilé, wọ́n ń wo Bàbá, wọn ò ní kí Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì ní kí wọ́n máa gé e lọ.

Bí Bàbá ti padà dé ìlú, ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n gbà lọ. Ìyá àgbà mi bá wọn lọ. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mejì, ní ìgbà kẹta ni wọ́n rí akọ̀wé ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún un, ọmọ tí kò tó ọmọ wọn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó pa ‘ó yè’ rẹ́, kó kọ ‘ó kú’. Akọ̀wé náà kò fẹjú mọ́ wọn. Ó gbé wọn dìde. Ó ní ìwé ti lọ sókè, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ti pín nǹkan lé lórí, nǹkan sì ti tán. Ó ní, “Bàbá, ẹnu yín la gbà á.”

Bàbá Bùràímọ̀ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn, wọ́n fi oko sílẹ̀. Wọ́n ń lọ ṣe alágbàṣe ní oko olóko ní ìhà Oǹdó. Ìyá àgbà mi se ẹ̀wà, èmi ru ú tẹ̀lé wọn dé ìdí lọ́rì ní Oríta-mẹ́rin. Bàbá ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n dúró ti ẹ̀gbẹ́ lọ́rì, wọ́n na ọwọ́ sókè sí àbúrò wọn. Bàbá Bùràímọ̀ kò na tiwọn sísàlẹ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. Wọ́n ní, “Ẹ ti rí mi láti òkè, ẹ̀gbọ́n. Ó tó.”

Lọ́rì gbéra. Bàbá dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi kanrí.

Ẹbí wá sọ ọ́ di ìtàn. Wọ́n ní òótọ́ Bàbá ti pọ̀ jù, pé ẹni tí kò lè fi ẹnu sún ààlà fún ọ̀rẹ́ ló kọ̀ láti fi ẹnu sún ebi kúrò lọ́rùn ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà mi náà gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún Bàbá lójú. Bàbá jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ ṣéènì sílẹ̀. Wọn kì í ka ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n máa ń jókòó sí iwájú ilé, bí àlejò bá sì béèrè ọ̀nà Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba lọ́wọ́ wọn, ọ̀nà tí ọmọdé mọ̀, wọ́n á ní, “N ò mọ̀nà.”

Ọdún méjì lẹ́yìn tí lọ́rì yẹn lọ ni a gbọ́ pé Bàbá Bùràímọ̀ ti kú sí oko olóko, wọ́n sì ti sin wọ́n kí ìròyìn tó dé. Bàbá kò sunkún lójú wa. Wọ́n ní kí ìyá àgbà mi kó oúnjẹ kúrò níwájú àwọn.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú fún mi tán lọ́jọ́ yẹn, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí gbogbo ẹbí gbà pé òótọ́ líle ló fà á, nígbà tó jẹ́ pé ìdùnnú ni. Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, “Wọ́n ní òótọ́ ló pa á. Bí mo bá ní ayọ̀ ló pa á, ṣé yóò jí?”

Ní ọjọ́ fídáù kẹjọ, Sífáwù dé láti ìhà Oǹdó. Àkọ́bí Bàbá Bùràímọ̀ ni, ọjọ́ orí kan náà la jọ wà, a sì jọ sùn lórí ẹní kan rí nígbà tí wọ́n bá mú un wá sí ìlú. Òun nìkan ló wá nínú ilé wọn. Mo fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: abà mọ́kànlá, ojú tí Bàbá dì, ariwo tí wọ́n pa, ọwọ́ akọ̀wé tí wọ́n ń mì. Mo ń sọ ọ́, mo ń sunkún, mo rò pé mò ń gbé nǹkan fún un.

Sífáwù gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ gbẹ.

“Ọdún méjì gbáko ni bàbá mi fi ń bi wá,” ó ní, “pé kí ni àwọn ṣe tí ẹ̀gbọ́n àwọn fi kórìíra àwọn. A ò mọ ohun tí a ó sọ. Nígbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́. Wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọlé lọ kí ìyá àgbà mi.